Yíyan Ọkọ́ Rere fún Oko àti Ọgbà Ẹ̀fọ́



Ọ̀pọ̀lọpọ̀ àgbẹ̀ ni ó máa ń fara balẹ̀ yan irúgbìn. Wọn a wo iṣu èbù yí ká, wọn a ṣa àgbàdo ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn a sì bèèrè ibi tí a ti mú un wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá di ti ọkọ́, èyí tí ó bá kọ́kọ́ bọ́ sí wọn lọ́wọ́ lọ́jà ni wọ́n máa ń rà. Kò yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Irúgbìn tí ó dára kò lè so dáadáa lórí ilẹ̀ tí a kò tètè kọ, ọkọ́ tí kò dára kì í sì í jẹ́ kí a tètè kọlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré kan. Bí àgbẹ̀ bá kọ ebè iṣu tí ọ̀kan fi mítà kan jìnnà sí èkejì níbùú àti lóròó, ebè 10,000 ni yóò wà nínú hẹ́kítà kan, èyí tí ó wà nínú éékà kan yóò sì lé díẹ̀ ní 4,000. Bí ọkọ́ rẹ̀ kò bá mú, tí ó fi di pé ó ń fi ọkọ́ náà gélẹ̀ ní ìgbà márùn-ún péré ju bí ó ti yẹ lọ lórí ebè kọ̀ọ̀kan, yóò ti gbé ọkọ́ sókè ní ìgbà tí ó ju 20,000 lọ lásán kí éékà kan tó parí. Ara rẹ̀ ni ó ń san gbèsè náà. Bí ó bá sì jẹ́ pé alágbàṣe ni ó gbà, àpò rẹ̀ ni yóò san án. Bẹ́ẹ̀ ni òjò àkọ́rọ̀ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ọkọ́ rẹ̀ dá dúró ní oṣù kẹta tàbí oṣù kẹrin yóò gbin nǹkan rẹ̀ lẹ́yìn àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà ni a ṣe kọ ìwé kékeré yìí, kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ óò wò kí ẹ tó sanwó ọkọ́.

ILẸ̀ NI Ẹ ÓÒ KỌ́KỌ́ WÒ

Ọkọ́ tí ó dára ní oko kan lè má wúlò ní oko kejì. Kí ẹ tó lọ sí ọ̀dọ̀ alágbẹ̀dẹ tàbí sí ọjà, ẹ gbẹ́ ihò tí ó jìn tó ìgbọ̀nwọ́ kan ní ibi méjì tàbí mẹ́ta nínú oko yín, kí ẹ sì wo ohun tí ó wà nísàlẹ̀.

Ní ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ Yorùbá, iyanrìn tí ó ní ilẹ̀dú díẹ̀ ni ó wà lókè, ṣùgbọ́n bí a bá walẹ̀ síwájú díẹ̀, òkúta wẹ́wẹ́ ni a óò bá. Ìwé tí A. J. Smyth àti R. F. Montgomery kọ nípa ilẹ̀ àárín gbùngbùn Ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, tí ìjọba ẹkùn náà tẹ̀ jáde ní ọdún 1962, ṣe àlàyé irú àwọn ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ mìíràn sì wà tí ó jẹ́ amọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, pàápàá ní àkùrọ̀. Ohun tí ó yẹ kí ẹ lò lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan nìyí:

1. Ilẹ̀ oníyanrìn tí ó rọ̀. Ọkọ́ olójú fífẹ̀ ni ó yẹ ẹ́. Ilẹ̀ náà kò ní dá ọkọ́ dúró, nítorí náà ohun tí ẹ ń fẹ́ ni ọkọ́ tí yóò wọ́ ilẹ̀ púpọ̀ jọ lẹ́ẹ̀kan náà láti fi kọ ebè.

2. Ilẹ̀ olókùúta wẹ́wẹ́. Ẹ yan ọkọ́ tí ojú rẹ̀ kò fẹ̀ púpọ̀, tí ẹnu rẹ̀ ṣe róbótó tàbí kí ó ṣe ṣóńṣó díẹ̀, tí irin rẹ̀ sì nípọn. Ẹnu ọkọ́ tí ó fẹ̀ a máa pàdé òkúta púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kò sì ní wọlẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ a máa wá ọ̀nà gba àárín òkúta kọjá.

3. Amọ̀ àkùrọ̀. Amọ̀ a máa lẹ̀ mọ́ ojú ọkọ́ títí ọkọ́ yóò fi wúwo bí òkúta. Bí ẹ bá lè rí ọkọ́ eléyín mẹ́ta tàbí mẹ́rin, èyí tí a rọ bí fọ́ọ̀kì ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ tẹ̀ bíi ti ọkọ́, òun ni kí ẹ lò, nítorí amọ̀ kì í rí ibi púpọ̀ lẹ̀ mọ́ lára rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i, ọkọ́ tí ojú rẹ̀ dán tí kò sì dógùn-ún ni kí ẹ mú lọ.

4. Ilẹ̀ líle tí ó kún fún gbòǹgbò. Díígà ni kí ẹ fi la irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, àdá ni kí ẹ sì fi gé gbòǹgbò. Ẹ má ṣe fi ọkọ́ fa gbòǹgbò tu, ọrùn ọkọ́ ni yóò kán.

5. Ilẹ̀ tí èkan ti gbà. Abẹ́ ilẹ̀ ni ìtàkùn èkan wà, gbogbo ègé tí ọkọ́ bá sì gé ni ó lè hù padà. Àgbẹ̀ tí ó bá ń fi ọkọ́ gé èkan sí wẹ́wẹ́ ń gbìn ín ni. Nínú ọgbà kékeré, fọ́ọ̀kì ni kí ẹ fi gbé ilẹ̀ náà sókè, kí ẹ sì fa ìtàkùn rẹ̀ jáde lódindi, kí ẹ sá a sí oòrùn títí yóò fi gbẹ.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ́ rí. Àgbẹ̀ tí ó ní oko àti ọgbà ẹ̀fọ́ kò lè fi ọkọ́ kan ṣoṣo ṣe gbogbo iṣẹ́. Ọkọ́ ńlá ni ó yẹ kí ó fi kọ ebè. Ọkọ́ kékeré fúyẹ́fúyẹ́ ni ó sì yẹ kí ó fi ro àárín tẹ̀tẹ̀, ewédú àti ata, nítorí ọkọ́ ńlá yóò gé gbòǹgbò ẹ̀fọ́ tí kò jìn nínú ilẹ̀.

BÍ A ṢE Ń MỌ IRIN TÍ Ó DÁRA

Láyé àtijọ́, àwọn baba wa ni wọ́n ń yọ́ irin fúnra wọn. Ní ọdún 1904 ni C. V. Bellamy tẹ ìròyìn jáde nípa ilé ìyọ́rin kan tí ó rí ní Ola-Igbi ní ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí irin òkè òkun wá pọ̀ lọ́jà, iṣẹ́ ìyọ́rin rọ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ kò parẹ́. Lónìí, irin ọkọ̀ àlòkù àti irin dúróòmù ni ọ̀pọ̀ alágbẹ̀dẹ ń lò, ìyàtọ̀ ńlá sì wà láàárín méjèèjì.

Ohun tí ó fa ìyàtọ̀ náà ni èédú tí ó wà nínú irin. Nínú 100 kílò irin sípíríńgì ọkọ̀, èédú ibẹ̀ tó nǹkan bí gíráàmù 600. Nínú 100 kílò irin dúróòmù, kì í tó gíráàmù 250. Irin tí èédú wà nínú rẹ̀ dáadáa ni a lè fi iná àti omi tàbí epo mú le. Irin dúróòmù kò lè le bẹ́ẹ̀, bí ó ti wù kí alágbẹ̀dẹ gbóná rẹ̀ tó. Ẹnu rẹ̀ yóò ká nígbà tí ó bá kan òkúta, ẹ óò sì máa pọ́n ọn lójoojúmọ́ títí yóò fi tán.

Ṣùgbọ́n irin rere nìkan kò tó, iṣẹ́ ọwọ́ alágbẹ̀dẹ ni yóò parí rẹ̀. Alágbẹ̀dẹ tí ó mọ iṣẹ́ yóò mú kí ẹnu ọkọ́ pọ́n nínú iná, yóò rì í bọ inú omi tàbí epo kí ó lè le, lẹ́yìn náà ni yóò tún rọra yá a ní iná díẹ̀ kí líle náà lè dín kù. Bí ó bá fo ìgbésẹ̀ ìkẹyìn yìí, ọkọ́ náà yóò le ṣùgbọ́n yóò máa ta bí àwo, ẹnu rẹ̀ yóò sì máa rún lórí òkúta. Ẹ má ṣe tijú láti bi alágbẹ̀dẹ léèrè ohun tí ó ṣe àti irú irin tí ó lò.

Bí ẹ bá wà lọ́jà tí ẹ kò mọ ẹni tí ó rọ ọkọ́ náà, ẹ dán an wò báyìí:

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ fi okùn so ojú ọkọ́ náà rọ̀, kí ẹ sì fi irin kékeré lù ú. Bí ó bá dún ketekete bí agogo, kò lábùkù nínú. Bí ohùn rẹ̀ bá kú, ẹ wá ibi tí ó ti sán.

Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ fi fáìlì tuntun fa ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí irin bá kan irin, ọ̀kan á tẹ̀ fún ọ̀kan. Bí fáìlì bá jẹ ẹ́ wọlé kíákíá bí ẹni ń họ iṣu, irin náà rọ̀ jù. Bí fáìlì bá ń yọ̀ tí kò jẹ ẹ́ rárá, ó le jù, yóò sì máa rún. Èyí tí fáìlì jẹ díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú agbára ni kí ẹ mú.

Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ fi ẹnu ọkọ́ náà ti pákó, kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Bí ẹ bá jọ̀wọ́ rẹ̀, ó yẹ kí ó padà sí ipò rẹ̀. Èyí tí ó bá tẹ̀ tí kò padà, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kẹrin, ẹ wo ọrùn rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọkọ́ ti ń kán. Ó yẹ kí irin ọrùn nípọn ju ti ẹnu lọ. Bí ó bá jẹ́ pé a jó ọrùn mọ́ ojú ọkọ́ ni, kí ojú ibi tí a jó náà dán, kí ó sì yí ká, kí ó má ṣe jẹ́ pé ibi méjì péré ni a kàn fọwọ́ kàn.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀dà tí a fi kun ọkọ́ tàn yín jẹ. Ọ̀dà lè bo ibi tí ó sán, bẹ́ẹ̀ ni kì í mú kí irin le.

Ẹ̀RÚKỌ́

Ọkọ́ rere lórí ẹ̀rúkọ́ búburú kò sàn ju ọkọ́ búburú lọ. Igi tí ó le tí kò sì tètè là ni kí ẹ lò, irú bí àyìn, emi, igi gúrọ́fà tàbí igi ọsàn. Ẹ yẹra fún igi rírọ̀ bí àràbà àti àhùn. Ibi tí ẹ̀ka gbé yà lára igi ni ó dára jù fún ọkọ́ àbáláyé, nítorí okun igi náà bá igun rẹ̀ lọ láìjá. Ẹ̀rúkọ́ tí a fi ìṣó kan igi méjì pọ̀ kì í pẹ́.

Ẹ má ṣe fi igi tútù ṣe ẹ̀rúkọ́. Igi tútù a máa sún kì bí ó bá ti ń gbẹ, ọkọ́ yóò sì máa yọ lọ́wọ́ ẹni. Ẹ gé igi náà sílẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ fi sí abẹ́ òrùlé tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ títí yóò fi gbẹ dáadáa. Àwọn kan máa ń rì ọkọ́ bọ omi ní òwúrọ̀ kí igi lè wú. Ìyẹn yóò dí i mú fún ọjọ́ kan, ṣùgbọ́n bí igi bá ń wú tí ó sì ń gbẹ lójoojúmọ́, yóò jẹrà tàbí kí ó là. Ó sàn kí ẹ gbẹ́ igi kékeré ṣóńṣó, kí ẹ gbá a wọ inú ihò ọkọ́ títí kò fi ní mì mọ́.

Ní ti gígùn ẹ̀rúkọ́, ẹ rò ó dáadáa. Ẹ̀rúkọ́ kúkúrú ni àwọn baba wa mọ̀, ó sì dára fún ebè kíkọ, nítorí ó ń jẹ́ kí a darí ilẹ̀ bí a ti fẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti òwúrọ̀ dé ọ̀sán ní ojoojúmọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní dákẹ́. Ní ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, ọkọ́ kúkúrú pa ẹ̀yìn àwọn alágbàṣe lára tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi fòfin de lílò rẹ̀ nínú oko ní ọdún 1975. Kì í ṣe pé kí ẹ sọ ọkọ́ kúkúrú nù. Ṣùgbọ́n fún oko ríro tí kì í fẹ́ agbára púpọ̀, ẹ lo ẹ̀rúkọ́ gígùn tí ó dé àyà yín, kí ẹ lè dúró ṣiṣẹ́. Àwọn àgbà àti àwọn aláboyún ni èyí yóò ràn lọ́wọ́ jù.

Ẹ ṣọ́ra, ẹ má kàn fi igi gígùn rọ́pò kúkúrú lórí ojú ọkọ́ kan náà. Bí gígùn bá yí padà, igun tí ó wà láàárín ojú ọkọ́ àti ẹ̀rúkọ́ gbọ́dọ̀ yí padà pẹ̀lú. Igun tí ó há ni a fi ń wọ́ ilẹ̀ jọ. Igun tí ó là sílẹ̀ díẹ̀ ni a fi ń gé ilẹ̀ líle. Ẹ sọ fún alágbẹ̀dẹ bí ẹ ti ga tó àti iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ fi ọkọ́ náà ṣe, yóò sì mọ bí yóò ti tẹ̀ ẹ́.

ÌWÚWO ỌKỌ́

Àwọn kan rò pé bí ọkọ́ bá ti wúwo tó ni ó dára tó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lórí ilẹ̀ líle, ìwúwo a máa ran ọkọ́ lọ́wọ́ láti wọlẹ̀. Lórí ilẹ̀ rírọ̀, ẹrù lásán ni. Bí àgbẹ̀ bá ń gbé ọkọ́ sókè ní ìgbà 30 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 1,800 ni yóò gbé e ní wákàtí kan. Bí ọkọ́ náà bá fi ìlàjì kílò wúwo ju èyí tí iṣẹ́ náà ń fẹ́ lọ, yóò ti gbé 900 kílò lásán láàárín wákàtí kan náà. Ẹ fi ọkọ́ náà gélẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó rà á. Bí ọrùn ọwọ́ yín bá ti ń dùn yín kí ẹ tó kọ ebè mẹ́wàá, kì í ṣe ọkọ́ yín.

FÚN ẸGBẸ́ ALÁJẸṢẸ́KÙ

Ẹgbẹ́ tí ó bá ra ọkọ́ pọ̀ lè rí i ní ẹ̀dínwó, ṣùgbọ́n ó tún lè ra ọ̀pọ̀ ọkọ́ burúkú lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà:

Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀ pẹ̀lú alágbẹ̀dẹ tàbí oníṣòwò. Kí àdéhùn náà sọ irú irin, ìwúwo, fífẹ̀ ojú ọkọ́, àti pé a óò dá èyí tí ó bá lábùkù padà.

Bí ọkọ́ 100 bá dé, ẹ mú 10 láti inú onírúurú ìdì, kì í ṣe láti orí ìdì kan. Ẹ dán wọn wò bí a ti sọ lókè, kí ẹ sì fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ láti lò fún ọ̀sẹ̀ kan kí ẹ tó san gbogbo owó.

Ẹ ra ojú ọkọ́ nìkan bí ó bá ṣeé ṣe, kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe ẹ̀rúkọ́ tí ó bá ara rẹ̀ mu. Ẹ má ṣe gbàgbé àwọn obìnrin inú ẹgbẹ́. Ẹ bi wọ́n léèrè irú ọkọ́ tí wọ́n ń fẹ́ kí ẹ tó ránṣẹ́ rà á.

Ẹ má ṣe wo iye owó nìkan. Kí a sọ pé ọkọ́ kan jẹ́ ₦6,000 tí ó sì lo ọdún kan, tí òmíràn jẹ́ ₦9,000 tí ó lo ọdún mẹ́ta. Ti àkọ́kọ́ ń gba ₦6,000 lọ́dọọdún, ti èkejì ń gba ₦3,000. Ọkọ́ tí ó dà bí ẹni pé ó wọ́n ni ó dínwó jù.

ÌTỌ́JÚ ỌKỌ́

Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ẹ bá ti ti oko dé, ẹ fi igi họ ilẹ̀ kúrò lára ọkọ́, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì fi àdín díẹ̀ pa á kí ó má baà dógùn-ún. Ẹ gbé e kọ́ sí ibi tí kò tutù, tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó o.

Ẹ máa fi fáìlì tàbí òkúta ìpọ́nrin pọ́n ọn díẹ̀díẹ̀ kí ẹ tó lọ sí oko. Ẹ̀gbẹ́ kan náà tí a ti ń pọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kí ẹ máa pọ́n. Bí ẹ bá lo ẹ̀rọ ìpọ́nrin, ẹ máa rì í bọ omi léraléra, nítorí bí ẹnu ọkọ́ bá gbóná títí ó fi yí àwọ̀ padà, líle rẹ̀ ti lọ. Nítorí ìdí kan náà, bí ẹ̀rúkọ́ bá kán sínú ihò ọkọ́, ẹ má ṣe jù ú sínú iná kí igi náà lè jó. Ẹ gbẹ́ igi náà jáde.

Ẹ tún mọ ìgbà tí ó yẹ kí ẹ walẹ̀. Ẹ bu ilẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, kí ẹ fún un. Bí ó bá di ìṣù, tí ó sì túká nígbà tí ẹ fi ìka kàn án, ilẹ̀ ti tó kọ. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ra bí amọ̀ ìkòkò, ẹ dúró. Ilẹ̀ amọ̀ tí a kọ nígbà tí ó rin jù yóò di òkúta bí ó bá gbẹ. Bí oko yín bá wà lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ kọ poro yín ní ìdábùú, kí omi òjò má baà gbé ilẹ̀ tí ẹ fi làágùn kọ lọ.

Bí ọkọ́ bá ṣá ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀, ẹ fi omi mímọ́ àti ọṣẹ fọ ojú egbò náà, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n wò ó bóyá ó yẹ kí ó gba abẹ́rẹ́ àrùn ipá. Inú ilẹ̀ ni kòkòrò àrùn yìí ń gbé, kì í sì í ṣe ọkọ́ tí ó dógùn-ún nìkan ni ó lè gbé e wọ ara. Àrùn ipá a máa pa ènìyàn.

Ẹ RÁNTÍ

1. Ẹ mọ ilẹ̀ yín kí ẹ tó yan ọkọ́.
2. Ẹ bèèrè irú irin tí a fi rọ ọ́.
3. Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀, ẹ fi fáìlì kàn án, ẹ wo ọrùn rẹ̀.
4. Igi gbígbẹ tí ó le ni kí ẹ fi ṣe ẹ̀rúkọ́.
5. Kí ọkọ́ bá ara ẹni tí yóò lò ó mu.
6. Ẹ ṣírò iye ọdún tí yóò lò, kì í ṣe iye owó rẹ̀ nìkan.
7. Ẹ pọ́n ọn, ẹ nù ún, ẹ tọ́jú rẹ̀.

Bí ohunkóhun nínú ọ̀rọ̀ yìí kò bá yé yín tó, ẹ bi òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ tí ó wà ní agbègbè yín. Ẹ mú ọkọ́ yín dání nígbà tí ẹ bá ń lọ, kí ó lè fi ojú ara rẹ̀ wò ó.